Cádiz, El Puerto àbí Jerez: Ibo Ni Kí Ẹ Gbé Àpò Yín Kalẹ̀ Sí?

Ẹni tó bá ń lọ sí Cádiz, èbúté àtayébáyé ní gúúsù Spéìn, sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tó yẹ kóun lọ wò. Ibi tó máa sùn ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè. Ìlú mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí àlejò ń ṣà nínú wọn: Cádiz fúnra rẹ̀, El Puerto de Santa María tó wà ní òdìkejì omi, àti Jerez de la Frontera tó wà nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Ojú irin kan ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Rélùwéè C-1 ti Cercanías, rélùwéè agbègbè, máa ń gbéra ní Cádiz, á gba San Fernando àti Puerto Real, á dé El Puerto, á dé Jerez, àwọn kan nínú rẹ̀ á sì lọ títí dé pápákọ̀ òfurufú Jerez. Láti Cádiz dé Jerez, ìṣẹ́jú 40 sí 45 ni. Ibi yòówù kí ẹ sùn, ẹ ó rí ìlú méjì yòókù. Ohun tó máa yàtọ̀ ni bí alẹ́ yín ṣe máa rí, ibi tí mọ́tò yín máa wà mọ́jú, àti ohun tí ẹ̀fúùfù máa fojú yín rí.

Kí ẹni tó ń kánjú lè máa lọ, ìdájọ́ wa nìyí. Bí ẹ kò bá ní mọ́tò, tí ẹ sì ní òru méjì tàbí mẹ́ta, Cádiz ni kí ẹ sùn, nínú ìlú àtijọ́. Bí ẹ bá háyà mọ́tò tàbí ẹ kó ọmọdé dání, El Puerto ló máa tù yín lára jù. Bó bá jẹ́ ẹṣin, ọtí shẹ́rì (wáìnì agbègbè yìí) tàbí flamenco (orin àti ijó ibẹ̀) lẹ bá dé, tàbí ó jẹ́ oṣù Kejìlá, Jerez ni. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ẹ má sùn sí Jerez bí ẹ bá ní ibòmíràn. Òòrùn ibẹ̀ kì í ṣeré.

Ẹ̀fúùfù ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀

Ẹ̀fúùfù méjì ló ń jọba lágbègbè yìí. Levante ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, ó gba orí ilẹ̀ kó tó dé Cádiz. Poniente ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀, láti orí òkun Àtìláńtíìkì. Poniente tutù, ó ní ọ̀rinrin, ó sì lè jẹ́ kí ẹ wá ẹ̀wù apá gígùn ní alẹ́ oṣù Kẹjọ. Levante ìgbà ooru gbẹ, ó gbóná. Ẹ ro ọyẹ́ tí wọ́n gbé ka iná. Ó lè fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó lè fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá ti ń fẹ́, yanrìn etíkun á máa ta yín lójúgun bí abẹ́rẹ́, àwọn ará ìlú á sì máa dá a lẹ́bi fún orí fífọ́ àti ìjà tọkọtaya.

Kí ẹ tó san owó ohunkóhun tó kan omi tàbí etíkun, ẹ wo ibi tí ẹ̀fúùfù ti ń fẹ́ lórí fóònù yín. Bó bá jẹ́ ìlà-oòrùn tàbí gúúsù-ìlà-oòrùn, Levante ni. Ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ etíkun Tarifa tàbí Bolonia ní gúúsù, nítorí níbẹ̀ ló ti ń le jù. La Caleta, etíkun kékeré inú ìlú àtijọ́ Cádiz, ló máa gbà yín: ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí, gbogbo ilé ìlú sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ọgbà tó ń dá ẹ̀fúùfù dúró. Bó bá jẹ́ Poniente ló ń fẹ́, La Caleta á tutù, omi á sì máa ru. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ lọ sínú ilẹ̀, sí Jerez tàbí ìlú Arcos.

Ọkọ̀ omi katamaran tó ń rìn láàárín Cádiz àti El Puerto náà kì í gbéra bí ẹ̀fúùfù bá le jù. Rélùwéè kì í bìkítà. Ẹni tó ní ọkọ̀ òfurufú láti wọ̀ lọ́jọ́ náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé katamaran.

Cádiz: ìlú tó wà lórí ahọ́n ilẹ̀

Ìlú àtijọ́ yìí dà bí ahọ́n tó yọ sínú òkun. Omi yí i ká, ibì kan ṣoṣo tí ilẹ̀ ti wọ inú rẹ̀ ni Puertas de Tierra, ẹnubodè odi ìlú. Ohun tí àlejò ń wá kò sí níta ẹnubodè yẹn. Láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, ìrìn bíi ìṣẹ́jú 25 ni, wọ́n sì fa ìlà àwọ̀ mẹ́rin sórí títì tí ẹ lè tẹ̀ lé láìsí máàpù. Ibùdókọ̀ rélùwéè, ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì àti èbúté katamaran wà nítòsí ara wọn lẹ́nu ìlú àtijọ́, ọkọ̀ ńláńlá àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ sì ń gúnlẹ̀ nítòsí wọn. Bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ bá dé lọ́jọ́ kan náà, òpópónà àdúgbò kàtídírà á kún dẹ́nu láàárín aago 10 àti aago 3. Ẹ lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó jí, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti padà sínú ọkọ̀ wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni òtẹ́ẹ̀lì. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, "Cádiz" náà ni wọ́n ń pe ìlú tuntun tó wà lẹ́yìn ẹnubodè: títì gígùn kan, ilé gogoro, àti Playa de la Victoria tó gùn tó bíi kìlómítà mẹ́ta. Etíkun náà dára, yàrá sì máa ń tóbi ju ti ìlú àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n alẹ́ ni ìlú àtijọ́ ń dùn, bọ́ọ̀sì lẹ ó sì máa wọ̀ lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ibùdókọ̀ rélùwéè tó sún mọ́ òtẹ́ẹ̀lì náà ni Segunda Aguada, Estadio tàbí Cortadura, ìlú tuntun ni. Nínú ìlú àtijọ́, ohun méjì ni kí ẹ béèrè: ṣé ẹ̀rọ agbénisókè wà, ṣé fèrèsé yàrá ṣí sí títì? Ilé ọ̀rúndún 18 pọ̀ níbẹ̀, òkè kẹta wọn ga ju bí ẹ ṣe rò lọ, òpópónà sì há débi pé ohùn ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀ á bá yín lórí bẹ́ẹ̀dì.

Mọ́tò? Ẹ má gbé e wọ ibẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé e, ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilẹ̀ ni kí ẹ forí lé tààrà, kí ẹ sì ka owó òru kọ̀ọ̀kan mọ́ owó òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá ń yí kiri wá àyè ọ̀fẹ́ á fi wákàtí kan ṣòfò, á sì padà wá sí abẹ́ ilẹ̀ náà ni.

Ní ti ohun tí ẹ ó wò, ẹ fi Torre Tavira ṣáájú. Nígbà tí ọrọ̀ Amẹ́ríkà ń wọlé láti èbúté yìí, àwọn oníṣòwò Cádiz máa ń kọ́ ilé ìṣọ́ sórí òrùlé wọn kí wọ́n lè tètè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀ tó ṣì wà. Torre Tavira ga jù nínú wọn, mítà 45 lórí ìpele òkun, òun ni wọ́n sì fi ṣe ilé ìṣọ́ àṣẹ fún èbúté ní 1778. Nínú rẹ̀ ni yàrá òkùnkùn kan wà tí dígí òkè ti ń ju àwòrán ìlú sórí àwo funfun ńlá kan, ní ojú ẹsẹ̀: ẹ ó rí aṣọ tó ń fẹ́ lórí okùn, ẹ ó rí ẹyẹ òkun tó ń kọjá. Àwọn ènìyàn díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kó wọlé, àkókò sì wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹ lọ gba tiyín ní òwúrọ̀ kí ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, àwòrán náà á rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ sún un di ọjọ́ kejì. Àtẹ̀gùn ni ẹ ó gùn, ẹni tí orúnkún ń dùn kó mọ̀.

Kàtídírà, ní tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1722, ó sì parí ní 1838. Ẹ dúró níwájú rẹ̀ kí ẹ wo ògiri: òkúta ìsàlẹ̀ àti ti òkè kò bára wọn mu, nítorí owó ti gbẹ kí wọ́n tó parí. Nínú rẹ̀, wọ́n ta àwọ̀n sábẹ́ àjà, nítorí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ òkúta náà, ó sì ń já wálẹ̀ ní ègé-ègé. Yàrá ìsìnkú abẹ́ rẹ̀, tí Manuel de Falla tó ń kọ orin sùn sí, rẹlẹ̀ ju ìpele òkun lọ. Gègéle ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà gòkè Torre de Poniente dípò àtẹ̀gùn, nítorí náà ó rọrùn ju Torre Tavira lọ. Bí àyè ò bá gba yín ju òkè kan lọ, Torre Tavira ni kí ẹ mú.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Plaza de Mina kò wọ́n: ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ ìlú àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, yúrò kan ààbọ̀ fún àwa yòókù. Kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Àwọn ará Fòníṣíà ló tẹ Cádiz dó, Gadir ni wọ́n pè é. Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi í sí ọdún 1104 ṣáájú ìbí Kristi, àmọ́ ohun tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀ kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Pósí òkúta méjì tí wọ́n gbẹ́ ní ìrísí ènìyàn ni kí ẹ torí rẹ̀ wọlé. Wọ́n rí ti ọkùnrin ní 1887. Pelayo Quintero, onímọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, wá pósí obìnrin tó yẹ kó jẹ́ ìkejì rẹ̀ títí ó fi kú, kò rí i. Ní 1980, wọ́n hú u jáde lórí ilẹ̀ tí ilé Quintero fúnra rẹ̀ ti wà rí. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n rí tíátà àwọn ará Róòmù tí ilé ti bò mọ́lẹ̀ nítòsí kàtídírà. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé ibẹ̀.

Fún ọmọ Yorùbá, pàápàá ẹni tó bá ti dé Havana rí, ìlú yìí máa ń jọ ibi tó ti mọ̀: ògiri òkun, àwọ̀ ilé, fáràǹdà. Kò ṣèèṣì. Ní 1717 ni ọba Spéìn gbé ọ́fíìsì tó ń darí gbogbo òwò Amẹ́ríkà kúrò ní Seville wá sí Cádiz. Ní 1765, wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ níbí fún òwò ẹrú sí Havana àti àwọn èbúté Kàríbíánì mìíràn. Ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Lukumí, àwọn ènìyàn wa, lọ sí Cuba. Bí ẹ bá dé Oratorio de San Felipe Neri, níbi tí wọ́n ti jókòó ṣe òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1812 tí Spéìn fi ń yangàn, ẹ rántí abala 22 inú rẹ̀: ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú mọ́ ẹni tí ìran rẹ̀ bá ti Áfíríkà wá, àfi ẹni tí wọ́n bá fún ní ìwé àṣẹ nítorí iṣẹ́ takuntakun.

Oúnjẹ Cádiz, àti aago tó ń dáni lóró

Ilé ìdáná ń ṣí láago kan ààbọ̀ ọ̀sán, ó ń tì láago mẹ́rin. Alẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́jọ ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án. Ẹni tí ebi bá pa láago mẹ́fà á jẹ búrẹ́dì. Ọjà àárín ìlú, Mercado Central, ti wà láti 1838. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Àbámẹ́ta, láàárọ̀, ni kí ẹ lọ. Ọjà kì í ná lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ Ajé sì jẹ́ ọjọ́ tí ẹja kì í sí, nítorí àwọn apẹja kì í jáde lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó bá ti Seville wá fún ọjọ́ kan ṣoṣo, tó sì mú ọjọ́ Ajé, ó ti pàdánù ọjà, ó ti pàdánù ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Tortillita de camarones ni oúnjẹ tí wọ́n fi ń mọ ilé oúnjẹ tó dáa. Ọmọ ìyá àkàrà ni, àmọ́ ó tínrín. Wọ́n á po ìyẹ̀fun ẹ̀wà garbanzo mọ́ fúláwà pẹ̀lú omi tútù títí yóò fi ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, wọ́n á da àlùbọ́sà, ewé perejil àti edé wẹẹrẹ sí i pẹ̀lú èèpo rẹ̀, wọ́n á fi ṣíbí dà á sínú òróró tó gbóná gan-an, wọ́n á sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kó lè ní ihò bí léèsì. Bí ó bá dára, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ gba àárín rẹ̀, etí rẹ̀ á sì máa dún bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ. Bí ó bá nípọn tó rọ̀ láàárín, tí òróró ń kán lára rẹ̀, inú fìrísà ló ti wá tàbí òróró kò gbóná tó. Ẹyọ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹja dídín wà ní freiduría, ṣọ́ọ̀bù àwọn adínja. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á, ìdá mẹ́rin kílò, "un cuarto", sì tó ẹni méjì láti fi panu. Cazón en adobo, ẹja tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan àti kúmínì kí wọ́n tó dín in, ni ẹ kò gbọdọ̀ fò. Ní ilé oúnjẹ, tapa ni àwo kékeré, media ración ni àárín, ración ni ńlá. Ẹni méjì tó bá béèrè ración mẹ́rin á fi oúnjẹ sílẹ̀.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ mẹ́rin: cerdo (ẹlẹ́dẹ̀), jamón (itan ẹlẹ́dẹ̀), chicharrones (ẹran ẹlẹ́dẹ̀ dídín), àti manteca. Èyí ìkẹyìn lè jẹ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi pa búrẹ́dì tàbí tí wọ́n fi ṣe bísíkíìtì, ẹnu kì í sì tètè mọ̀ ọ́n. "Al jerez" lórí oúnjẹ túmọ̀ sí pé ọtí wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀.

Nígbà Carnival, àjọ̀dún ńlá ìlú náà, tó máa ń bọ́ sí oṣù Kejì lọ́pọ̀ ọdún, gbogbo ohun tí a ti sọ yìí á yí padà. Yàrá á tán ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, iye rẹ̀ á sì ga sókè réré. Orin yẹ̀yẹ́ tí àwọn chirigota, ẹgbẹ́ akọrin, ń kọ ni adùn rẹ̀, èdè ìlú ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Ẹni tí kò gbọ́ Spéìn á rí aṣọ aláràbarà, kò ní gbọ́ àwàdà. Alẹ́ Sátidé àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń mutí. Ọjọ́ Àìkú ló sàn.

El Puerto: fún mọ́tò, fún ọmọdé, fún edé

Katamaran ń gbé yín dé El Puerto láàárín bíi ìṣẹ́jú 30, owó rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi yúrò mẹ́ta lọ. Lójú wa, òun ni ìrìn àjò orí omi tó dùn jù fún owó tó kéré jù ní gbogbo agbègbè náà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í pẹ́ lálẹ́, ó sì máa ń dín kù ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá sùn sí El Puerto, tó sì fẹ́ jẹun alẹ́ ní Cádiz, rélùwéè ni yóò gbé e délé, kó sì ti mọ aago èyí tó kẹ́yìn kó tó jókòó.

Ọ̀nà gbòòrò, àyè ìgbọ́kọ̀sí wà, etíkun Valdelagrana tẹ́jú, omi rẹ̀ kò sì tètè jìn. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ó dára fún ẹni tó kó ọmọ wá. Àárín ìlú ní àwọn ilé ńlá àwọn oníṣòwò àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wó. Ẹni tó ń wá ẹwà tí wọ́n ti nù kó dán lè má fẹ́ràn rẹ̀.

Ní Ribera del Marisco, létí odò Guadalete, ẹ ó lọ sí káńtà, wọ́n á wọn edé tàbí akàn sínú bébà, ẹ ó gbé e lọ sí tábìlì, ẹ ó sì béèrè ohun mímu lọ́tọ̀. Ẹ wo pátákó iye owó dáadáa kí ẹ tó tọ́ka: kílò kan ni iye mìíràn, gíráàmù 100 ni òmíràn, orí cigala, irú edé ńlá kan, ni wọ́n sì ti máa ń jí owó àlejò láìjalè. Ìdá mẹ́rin kílò gamba, edé, tó ẹni méjì.

Ẹ yẹra fún El Puerto ní òpin ọ̀sẹ̀ ìdíje alùpùpù àgbáyé tí wọ́n ń ṣe ní Jerez, ní ìparí oṣù Kẹrin tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Gbogbo alùpùpù Spéìn ló ń wá sùn síbẹ̀, tí a bá lè pe ohun tí wọ́n ń ṣe ní oorun.

Jerez: ẹṣin, àgbá ọtí, àti ooru

Jerez kò ní òkun. Ní oṣù Keje, nígbà tí ooru Cádiz bá wà ní bíi 28°C, ti Jerez lè kọjá 35°C dáadáa. Ní ìgbà òtútù àti ìgbà ìrúwé, òun ló dùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Feria del Caballo, àjọ̀dún ẹṣin, wà ní oṣù Karùn-ún, zambomba, àríyá tí wọ́n ń kọrin Kérésìmesì yí iná ká sì wà ní oṣù Kejìlá. Ilé ẹ̀kọ́ ẹṣin, Real Escuela Andaluza del Arte Ecuestre, máa ń ṣe eré rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Lórí ọjọ́ yẹn ni kí ẹ ti ṣètò ìrìn àjò yòókù, torí ohun gbogbo mìíràn lè sún, èyí kò lè sún.

Ọtí shẹ́rì ni ìfiwéra tó wà láàárín àwọn ìlú yìí ti hàn kedere jù, ẹ̀fúùfù náà ló sì tún fà á. Àgbá tí wọ́n ń tọ́jú fino, shẹ́rì tó fúyẹ́, sí ń gba bíi lítà 600, ṣùgbọ́n wọn kì í rọ ọ́ ju bíi 500 lọ. Àyè tó kù lókè ni ìwúkàrà ti ń hù bí awọ fẹ́lẹ́, tí wọ́n ń pè ní flor, tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan ọtí náà. Flor ń fẹ́ ọ̀rinrin. Ní El Puerto àti Sanlúcar, Poniente ń gbé ọ̀rinrin òkun wọlé, awọ náà sì máa ń nípọn yípo ọdún, ọtí wọn fúyẹ́, ó sì mú iyọ̀ díẹ̀ dání. Ní Jerez tó jìn sí omi, ooru máa ń dín in kù, adùn ọtí á sì wúwo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ ilé àgbá wọn ga bí ṣọ́ọ̀ṣì, tí fèrèsé fi kọjú sí òkun, tí wọ́n sì ń bomi rin ilẹ̀ yanrìn inú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ilé ọtí kan ṣoṣo lẹ fẹ́ wọ̀, ẹ wò ó báyìí: González Byass ní Jerez, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1835, tóbi, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gbàlejò, èrò sì pọ̀ níbẹ̀. Gutiérrez Colosía ní El Puerto kéré, létí odò, ẹ ó sì lè béèrè ìbéèrè. Èyí kékeré la fẹ́ràn. Ẹ gba àyè sílẹ̀ ṣáájú ní ibi méjèèjì, ẹ má sì fi í sí ìrọ̀lẹ́ Àìkú. Ọtí líle inú oloroso, shẹ́rì tó wúwo, máa ń tó ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́ọ̀bù mẹ́rin lórí ikùn òfìfo, láago 12 ọ̀sán, nínú ooru Jerez, àṣìṣe gidi ni.

| | Cádiz | El Puerto | Jerez |
|---|---|---|---|
| Mọ́tò | ìyọnu ni | ó rọrùn | ó ṣeé ṣe |
| Etíkun | ẹsẹ̀ ló ń gbé yín dé | bọ́ọ̀sì tàbí mọ́tò | kò sí |
| Alẹ́ | ó dùn jù | ìgbà ooru nìkan | flamenco inú tabanco (ilé ọtí shẹ́rì) |
| Ooru oṣù Keje | ó ṣeé fara dà | ó ṣeé fara dà | ó le |
| Pápákọ̀ Jerez | C-1 | C-1 | ìṣẹ́jú díẹ̀ |

Àyíká: èwo ló sún mọ́ ibo?

Sanlúcar de Barrameda kò ní rélùwéè; bọ́ọ̀sì ló ń lọ síbẹ̀, ó sì sún mọ́ Jerez àti El Puerto ju Cádiz lọ. Ibẹ̀ ni Magellan ti wọ òkun ní 1519, ibẹ̀ náà ni Elcano àti àwọn ènìyàn díẹ̀ tó ṣẹ́ kù gúnlẹ̀ sí ní 1522 lẹ́yìn tí wọ́n yí ayé po. Ẹ jẹ langostino, irú edé kan, ní Bajo de Guía létí omi. Eré ìje ẹṣin orí yanrìn máa ń wà ní oṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ rẹ̀ ń yí padà lọ́dọọdún nítorí ìgbà tí omi bá fà ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń sá a. Ẹ má lo ọjọ́ ọdún tó kọjá.

Arcos de la Frontera, ìlú funfun orí àpáta, Jerez ló yẹ kí ẹ ti lọ. Bàtà tó di ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀.

Ìlú Vejer, ẹnu ilẹ̀ Trafalgar tí wọ́n ti ja ogun òkun ní 1805, àti Bolonia gba mọ́tò. Bọ́ọ̀sì ń dé ìlú ńlá, ó ṣòro kó gbé yín dé Bolonia nígbà tí ẹ fẹ́. Baelo Claudia ní Bolonia jẹ́ odidi ìlú àwọn ará Róòmù létí omi, pẹ̀lú kòtò òkúta tí wọ́n ti ń fi ẹja àti iyọ̀ ṣe garum, omi ọbẹ̀ ẹja. Ẹ fi ojú inú wo irú àti ẹja jíjẹrà nínú ìkòkò kan, ẹ ti mọ òórùn tó wà níbẹ̀ nígbà náà. Ó ń tì lọ́jọ́ Ajé. Etíkun Barbate, Zahara àti Conil ni wọ́n ti ń fi àwọ̀n almadraba kó ẹja tuna láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà. Ìgbà yẹn ni tuna tútù pọ̀.

Físà àti ọ̀nà

Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Schengen, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ìwé ìgbélùú Britain tàbí Amẹ́ríkà. Owó rẹ̀ fún àgbàlagbà jẹ́ yúrò 90, ti ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá jẹ́ 45. Ẹ lè béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ó kéré tán ọjọ́ 15 ṣáájú, ìwé ìdánilójú ìlera yín sì gbọ́dọ̀ tó yúrò 30,000. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Britain lè wọlé láìsí físà fún ọjọ́ 90 nínú 180.

Bí ẹ bá gba Seville, rélùwéè dé Cádiz ní bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 40. Bí ẹ bá wa mọ́tò, ọ̀nà márosẹ̀ AP-4 kò gba owó mọ́ láti 2020. Lórí C-1, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: Puerto Real ń dé kí El Puerto tó dé bí ẹ bá ń ti Cádiz bọ̀, àlejò tó bá sì ti gbọ́ "Puerto" báyìí, ó ti sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn.

Ọkọ̀ omi Tarifa sí Tangier ní Mòrókò máa ń fa ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, nítorí bíi wákàtí kan péré ni. Ẹ yẹ físà yín wò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, ẹsẹ̀ yín ò ní padà wọ Spéìn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ àpò yín ṣì wà ní òtẹ́ẹ̀lì Cádiz.